Mikkjal Tó Bá Dókítà Dúnàádúrà Lórí Ìfun Rẹ̀

Kò sí ẹni tó máa gbọ́ orúkọ Mikkjal ní erékùṣù wa tí kò ní kọ́kọ́ rántí ọjọ́ tó bá dókítà dúnàádúrà lórí ìfun ara rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni nígbà náà. Inú ti ń run ún láti ìgbà tí a ti rẹ́ irun àgùntàn, ó sì ń sọ fún Billa ìyàwó rẹ̀ pé pòtétò ọdún yẹn ni kò dára. Nígbà tó fi máa gbà pé pòtétò kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ìfun rẹ̀ ti dí, ó sì ti lu. Hẹlikọ́pítà ló gbé e la inú kùrukùru kọjá lọ sí ilé ìwòsàn ní Tórshavn, olú ìlú àwọn erékùṣù wa.

Wọ́n ti ń tì í lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà nígbà tó na ọwọ́, tó di apá aṣọ dókítà mú. Obìnrin ará Denmark ni dókítà náà, Lisbeth lorúkọ rẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Dókítà, ẹ dúró ná. Mélòó lẹ fẹ́ gé?"

"Bàbá, a ò lè mọ̀ àfi tá a bá là á. Ó lè tó ogójì sẹ̀ǹtímítà."

"Ogójì kẹ̀! Ogún ni mo lè fún yín."

"Bàbá, ìfun yín ti lu. Ẹ̀mí yín là ń wí."

"Mo gbọ́. Ó dáa, ẹ mú márùndínlọ́gbọ̀n."

"Wọn kì í ná ìfun, Bàbá."

"Ẹ̀yin lẹ ò tíì ná an rí. Ọgbọ̀n. Ó parí. Mi ò lè fi kún un mọ́."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ike bò ó nímú, oorun sì gbé e lọ. Nígbà tó lajú, kò béèrè omi, kò béèrè ìyàwó rẹ̀ tó jókòó tì í. Ó ní, "Mélòó?"

Dókítà Lisbeth wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá wo ojú ọkùnrin náà. Ó ní, "Méjìdínlógójì."

Mikkjal rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo mọ̀ pé ẹ máa dín méjì kù fún mi," ó sì tún sùn lọ.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yà wá lẹ́nu ni pé Mikkjal gan-an ni ọ̀gá ìfun lábúlé wa. Ní oṣù kẹwàá tí a máa ń pa àgùntàn, a kì í da nǹkan kan nù lára ẹran. Òun ló máa ń bọ́ ọ̀rá kúrò lára ìfun, tó máa ń pò ó mọ́ra, tó máa ń gbé e kọ́ sínú ahéré ẹran tí atẹ́gùn òkun ń gbà kọjá, títí yóò fi kan dáadáa, tí a ó wá yọ́ ọ sórí ẹja gbígbẹ. Àlejò ló máa ń sọ pé ó ń rùn. Àwa máa ń sọ pé ó ti tó jẹ. Mikkjal lè di ojú, kó fi ìka méjì tọ ìfun àgùntàn kan lọ, kó sì sọ fún ọ pé apá ibo lórí òkè ló ti jẹko. Mo ti dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì tàsé.

Nítorí náà, kò gbà kí dókítà lọ láìfi ohun tó gé hàn án. Wọ́n fi àwòrán rẹ̀ hàn án. Ó wò ó pẹ́, ó sì mú un sún mọ́ ojú.

"Tí àgùntàn mi bá ní irú ìfun yìí," ó ní, "mi ò ní jẹ́ kí ajá jẹ ẹ́." Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. Billa ní láti ọjọ́ tí àwọn ti fẹ́ra, òun kò rí i kó sunkún rí, títí kan ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá rẹ̀.

Dókítà Lisbeth fa àga jókòó. Ó ṣàlàyé pé àìsàn Crohn ni wọ́n ń pè é, pé ara ẹni fúnra rẹ̀ ló ń bá ìfun jà. Ó ní ó pọ̀ ní àwọn erékùṣù wa ju ibikíbi tí òun mọ̀ lọ, kò sì sí ẹni tó lè sọ ìdí rẹ̀ ní pàtó. Oògùn lè mú un rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè mú un kúrò.

"Ṣé ó máa pa mí ni?"

"Rárá. Ó kàn máa bá yín gbé ni."

"Á à, bíi ti Billa."

Billa fi àpamọ́wọ́ rẹ̀ lù ú lápá. Dókítà yára ní kó rọra, pé ojú abẹ ṣì tutù. Ìgbà yẹn ni Mikkjal wá béèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Dókítà, ṣé màá tún lè dúró nípò mi lórí òkè?"

Ohun tí Mikkjal ń sọ kò yé dókítà. Àwa mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ kó àgùntàn wálẹ̀, a máa ń tò sórí òkè láti etí òkun títí dé góńgó, ẹnì kọ̀ọ̀kan sí ipò tí àwọn bàbá rẹ̀ ti dúró sí, a ó sì jọ máa rìn lọ bí ògiri. Bí ẹnì kan bá yẹ̀, ibẹ̀ ni àgùntàn yóò gbà sá lọ, iṣẹ́ ọjọ́ náà bàjẹ́ nìyẹn, orúkọ onítọ̀hún sì di ohun tí a ó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ayé. Bàbá bàbá Sigmund ará abúlé wa yẹ̀ nípò kí ó lè tan páìpù rẹ̀, kí wọ́n tó bí bàbá mi. A ṣì ń sọ ọ́ títí di òní.

Wọ́n ti fa orí ìfun Mikkjal síta lára ikùn, wọ́n sì so àpò tó ń gba ìgbẹ́ mọ́ ọn fún oṣù márùn-ún kí ibi tí wọ́n rán lè jinná. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tó padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, Pásítọ̀ ní kí gbogbo wa dákẹ́ jẹ́ẹ́ níwájú Ọlọ́run. Gbogbo wa dákẹ́ lóòótọ́, àfi àpò Mikkjal. Ó fọhùn, ó tún fọhùn, ó wá fa ohùn náà gùn. Mikkjal dìde dúró.

"Ẹ má bínú, Pásítọ̀," ó ní. "Kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ mi."

Ihò tí wọ́n máa ń gé sára ike àpò náà gbọ́dọ̀ bá ẹnu ìfun mu régé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ awọ ara á bó. Nọ́ọ̀sì fi sísọ́ọ̀sì kọ́ ọ, Mikkjal wò ó tán, ó mi orí, ó sì ní kí Billa gbé ọ̀bẹ ìfun òun wá. Ihò tó fi ọ̀bẹ náà gé kò ní alébù kankan. Ìròyìn tàn kálẹ̀, àwọn tó ń gbé irú àpò bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti erékùṣù mìíràn, kí Mikkjal lè bá wọn gé tiwọn. Ó máa ń se kọfí fún wọn, ó sì máa ń sọ ìtàn dúnàádúrà rẹ̀. Nígbà tí ẹni kẹrin fi máa dé, ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà ni dókítà ti ń béèrè.

Ti oúnjẹ ló le jù fún un. Wọ́n ní kó fi ẹran kíkan sílẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi rọ̀. Ó bẹ obìnrin tó ń rí sí oúnjẹ nílé ìwòsàn títí, obìnrin náà kò gbà fún un ju òórùn lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, Mikkjal máa ń gbé àga lọ sínú ahéré ẹran, á jókòó sábẹ́ itan àgùntàn tó ń fì, á mú pòtétò bíbọ̀ dání. Á fa òórùn símú, á gé pòtétò jẹ. Tí o bá kí i, kì í dáhùn títí yóò fi gbé e mì.

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, wọ́n dá ìfun náà padà sínú. Ṣùgbọ́n àìsàn náà kò lọ. Ìgbẹ́ lè gbọ̀n ọ́n nígbàkúgbà, nígbà mẹ́jọ, nígbà mẹ́wàá lójúmọ́, bó bá sì ti dé, kò sí pé kó ní sùúrù. Ìdí nìyẹn tí Sigmund, tó jẹ́ olórí wa lórí òkè, fi wá bá a nílé. Ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ní kẹ́ ẹ kúkú máa dúró ní ẹnu ọgbà àgùntàn nísàlẹ̀ lọ́dún yìí. Màá wá ẹnì kan sí ipò yín."

"Sigmund, ta ló yẹ̀ nípò nítorí páìpù?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní ta ni?"

"Bàbá bàbá mi ni."

"Ó dáa. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tọrọ. Bí àgùntàn kan ṣoṣo bá gba ọ̀dọ̀ mi kọjá, màá gbé ọ̀pá mi fún ọ fúnra mi."

Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, a máa ń rí i tó ń gun òkè lọ pẹ̀lú òkúta kọ̀ọ̀kan lápá. Dókítà Lisbeth ti ní kò gbọdọ̀ gbé ohun tó bá wúwo ju búrẹ́dì lọ. Mikkjal bá a fà á títí wọ́n fi fẹnu kò sí búrẹ́dì tí Billa bá ṣe. Dókítà kò tíì gbé búrẹ́dì Billa rí. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn fi máa parí, ilé òkúta kéékèèké méje ti wà lórí ipa ọ̀nà Mikkjal láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò sí òrùlé, ògiri wọn kò ga ju igbáyà lọ, ẹnu wọn sì kọjú sí ibi tí àgùntàn máa ń gbà. A fi rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. A ní ọba gan-an kò ní ilé ìgbẹ́ méje.

Ọjọ́ náà pé. A ti rìn dé ìdajì òkè nígbà tí mo wo ọwọ́ ọ̀tún mi, n kò sì rí Mikkjal mọ́. Àwọn àgùntàn náà ti rí àlàfo. Àgbò ńlá kan ló ṣíwájú, ọgọ́rùn-ún tẹ̀ lé e, wọ́n forí lé ibẹ̀. Sigmund gbé ọwọ́ lérí. Lójijì ni Mikkjal yọ láàárín òkúta nílé kẹta, ṣòkòtò rẹ̀ wà ní orúnkún, ó na ọ̀pá sókè, ó sì pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ òkun fi fò kúrò lórí àpáta. Àgbò náà dúró gbọnrangandan. Ó wo ohun tí àgbò kankan kò tíì rí rí, ó yí padà, gbogbo wọn sì yí tẹ̀ lé e.

Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa wá. Lẹ́yìn náà ni mo wo ojú ọkùnrin náà, ó funfun bí aṣọ, òógùn bò ó, ó ń gbọ̀n, kò sì yẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí, mo sọ òótọ́. Ọdún méjìlélógún ló tún fi dúró síbẹ̀, nínú òjò àti nínú yìnyín, nígbà tí oògùn ń ṣiṣẹ́ àti nígbà tí kò ṣiṣẹ́. Àgùntàn kan kò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin kó tó kú, a wà níbi ijó wa tí a máa ń di ọwọ́ ara wa mú yípo, ó sì ṣàkíyèsí pé Turið, ọmọbìnrin Sigmund, ti jáde lẹ́ẹ̀mẹta kí orin kan tó parí. Ọmọ ogún ọdún ni, ó ti rù débi pé aṣọ rẹ̀ ti tóbi jù fún un. Lọ́jọ́ kejì, Mikkjal ṣílẹ̀kùn wọlé wọn, nítorí a kì í kanlẹ̀kùn níbí, ó sì jókòó síwájú ọmọ náà.

"Ìgbà mélòó lójúmọ́?"

"Kí ni, Bàbá?"

"O mọ ohun tí mò ń bi ọ́."

Turið bú sẹ́kún. Ó ní ìgbà méje, pé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, pé òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni nítorí ojú ń ti òun.

"Méje péré?" ni Mikkjal wí. "Ọmọ kékeré ni ọ́ nínú ẹgbẹ́ wa. Múra, ọkọ̀ aago mẹ́jọ là ń bá lọ. Ìwọ lo máa débẹ̀ kí ọ̀bẹ tó dé." Òun fúnra rẹ̀ ló mú un lọ. Wọn kò la ọmọ náà títí di òní.

Orí àga nínú ahéré ẹran ni Mikkjal kú sí ní oṣù kejì ọdún yìí, ọkàn rẹ̀ ló dúró, pòtétò wà lórí àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dókítà Lisbeth ti fẹ̀yìn tì, irun rẹ̀ ti funfun, síbẹ̀ ó wọ ọkọ̀ wá síbi ìsìnkú. Lẹ́yìn tí a mu kọfí, ó dìde.

"Mo ní ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ," ó ní. "Kì í ṣe méjìdínlógójì. Mẹ́tàlélógójì ni. Mo rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè sọ ọ́."

Billa gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

"Dókítà, ó mọ̀," ó ní. "Ó ka ìwé yín lọ́jọ́ tó ń bọ̀ wálé. Ó ní ẹ ti ṣe gbogbo agbára yín, pé kí n má dójú tì yín."

Dókítà Lisbeth tún jókòó, ó fi ọwọ́ bo ojú. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nínú wa, ṣùgbọ́n omijé wà nínú ẹ̀rín náà.

Nígbà tí oṣù kẹwàá dé, a tò sí ẹsẹ̀ òkè ní kùtùkùtù, Sigmund sì ń pe ipò kọ̀ọ̀kan bó ti máa ń ṣe. Ó dé ipò Mikkjal, ó sì pè é.

"Èmi rè é," ni Turið wí. Ọ̀pá Mikkjal ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, Billa ló fún un.

Ọ̀sán ni kùrukùru bò wá mọ́lẹ̀, débi pé n kò rí ọwọ́ ara mi. Ilé òkúta méje náà ni a fi mọ̀nà. A ń pe ara wa láti orí ọ̀kan dé èkejì, ohùn Turið ló sì ń darí wa, títí gbogbo àgùntàn fi wọ ọgbà láìku ọ̀kan. Sigmund dúró de ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọgbà.

"Ṣé kò sí èyí tó gba ọ̀dọ̀ rẹ kọjá?"

"Kò sí, Bàbá."

"Ìgbà mélòó lo wọ ilé òkúta?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Sigmund mi orí. "Mikkjal ì bá ti ná an wálẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀mejì."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, Sigmund náà rẹ́rìn-ín, ó sì yí ojú sí òkun kí a má baà rí omijé rẹ̀.