Òwú Pupa Lọ́wọ́ Ìbejì

Bí mo bá rí òwú pupa, ojú máa ń tì mí.

Màtíróònù wa ní ilé ìwòsàn Igbó-Ọrà ní ìwé kan tí nọ́ọ̀sì tó bá ṣàṣìṣe máa ń kọ ọ́ sí fúnra rẹ̀. "Ẹ má wá ẹni tó ṣe é," wọ́n á ní, "ẹ wá ohun tó fà á." Láti Ìbàdàn làwọn ọ̀gá ti ń wá kọ́ ọgbọ́n yẹn.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Ìbejì sáré padà dé. Ara Táyé gbóná, ojú abẹ́rẹ́ àjẹsára méjì wà ní itan rẹ̀, kò sì sí ẹyọ kan lára Kẹ́hìndé. Èmi ni mo gún wọn. Màtíróònù ṣí ìwé, wọ́n ń wo àwa nọ́ọ̀sì. Ilẹ̀ ni mo ń wò. Màtíróònù mú bírò, wọ́n kọ ọ́ pé: "Àṣìṣe mi ni."

Láti ọjọ́ náà la ti ń so òwú pupa mọ́ ọwọ́ ọmọ tá a bá ti gún.

Màtíróònù ti fẹ̀yìn tì, èmi ni mo wà lórí àga wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àlejò kan ka ojú ìwé yẹn, ó ní, "Àṣé màtíróònù náà máa ń ṣe irú àṣìṣe yìí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."