Ohun Tí Ìyanu Ń Pe Ìyá Rẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn Abọ́sẹ̀dé, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Onídìrí ni, ní Ìbà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń yá yàrá. Bí inú rẹ̀ bá dùn, ọwọ́ rẹ̀ á rọ̀ lórí oníbàárà. Bí nǹkan kan bá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, á fa irun débi pé oníbàárà ò ní lè pa ojú dé. Èmi Maimunat, ìyá Sherif, tí mò ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ti jẹ nínú ìyà náà.

Ohun kan péré ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: Ìyanuolúwa, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, kì í pè é ní Màmá. Àǹtí ló ń pè é. Ìgbà tí Abọ́sẹ̀dé ń kọ́ṣẹ́ ní Okokomaiko ló bí i, ìyá rẹ̀ sì gba ọmọ náà lọ sí Ìpókíá kí ó lè ráyè kọ́ṣẹ́ parí. Nínú ilé yẹn, ìyá àgbà ni gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá, àwọn àbúrò Abọ́sẹ̀dé sì ń pe òun ní Àǹtí. Ohun tí ọmọ gbọ́ náà ló ń sọ. Ilé tó rí bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ìyá àgbà kú lọ́dún tó kọjá, Ìyanu wọ yunifásítì, ó sì kó wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Abọ́sẹ̀dé wá ń retí pé orúkọ náà, Màmá, máa kan òun wàyí. Kò kàn án.

Mo ní kó pàṣẹ fún ọmọ náà. Ó ní, "Ìyá Sherif, ṣé wọ́n máa ń fi pàṣán gba ìyẹn ni?" Mo padà sídìí iṣẹ́ mi.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ń di ṣùkú fún Ìyanu, orí ọmọ wà láàárín orúnkún ìyá, èmi sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sẹ́nu ọ̀nà wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Túnjí wọlé. Ó ní ọ̀gá òun ń ṣèwádìí bí òbí àti ọmọ ṣe sún mọ́ra tó, níhìn-ín, ní Ṣáínà àti láwọn ilẹ̀ mìíràn. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi gbogbo ọmọ, wọ́n á sì fi ìdáhùn wọn fún òbí ní máàkì. Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa mí. Kí la fẹ́ fi wọn ìyẹn, kóńgò ni àbí tépù tí mo fi ń wọn ìbàdí? Ṣùgbọ́n ọmọ náà níwà, ó dọ̀bálẹ̀ kí wa, mo bá fún un ní àga.

"Ta lo máa ń pè bí ara ẹ ò bá yá?" ló bi Ìyanu.

"Àǹtí."

"Ta lẹ̀rù ẹ̀ ń bà ẹ́?"

"Àǹtí."

"Ta lo máa ń sọ àṣírí fún?"

"Àǹtí. Àfi èyí tó bá kan Àǹtí fúnra wọn."

Túnjí họ orí. "Ìyá ẹ ńkọ́? Máàkì wọn ti ń lọ sílẹ̀ o."

"Àǹtí yìí náà ni ìyá mi."

"Kí ló wá dé tí o kì í pè wọ́n ní Mọ́mì?"

Mo dá ẹ̀rọ dúró. Ọwọ́ Abọ́sẹ̀dé dúró sórí irun. Ìbéèrè tí òun ò lẹ́nu láti bi ọmọ rẹ̀ nìyẹn.

Ìyanu ò lè yíjú, ilẹ̀ ló ń wò. "Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Bí wọn ò bá sí nílé, mo máa ń pe orúkọ yẹn, Màmá, wò. Ojú Màmá Ìpókíá ni mo máa ń rí. Bí mo bá pe ẹlòmíì bẹ́ẹ̀, ó máa dà bíi pé mo tún sin Màmá. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ tí kò ní dun Àǹtí."

Omi bọ́ lójú Abọ́sẹ̀dé, ó kán sórí irun. Láti ọjọ́ pípẹ́ ló ti rò pé ọmọ ń fi nǹkan du òun, kò mọ̀ pé ìyá òun gan-an lọmọ ń ṣọ̀fọ̀. Àánú àwọn méjèèjì ṣe mí.

"Èmi náà ò rẹ́ni pè ní Màmá mọ́," ni Abọ́sẹ̀dé sọ.

Túnjí rọra na bírò síwèé. "Mà, wọ́n ní kí n mú orúkọ tí ọmọ ń pe ìyá ẹ̀. Mọ́mì, Màmá àti Ìyá ló wà níbẹ̀."

"Má mú ìkankan. Kọ Àǹtí sí i," ni Abọ́sẹ̀dé dá a lóhùn.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í di irun náà. "Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Rárá, Àǹtí," ni Ìyanu wí.