Orúkọ Dádì Ará Poland

Ọjọ́ tí Dádì ará Poland ṣubú ní òpópónà Harrow Manorway kò lè kúrò lọ́kàn mi láé. Ògiri kan ló wà láàárín ilé mi àti tirẹ̀ ní South Thamesmead, ní London. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, ó sì ń kọ̀wé lórí ìdí tí ènìyàn fi wà láyé. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gbé ọbẹ̀ lọ fún un.

Lọ́jọ́ náà, a jọ ń dúró de bọ́ọ̀sì ni ó bá ṣubú lulẹ̀. Mo pariwo, "Dádì! Dádì o!" Áńbúláǹsì dé. Òṣìṣẹ́ wọn bi mí pé, "Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Dádì ni."

"Ṣé bàbá yín ni?"

"Rárá."

Ó bojú wò mí, wọ́n sì gbé e lọ láìmú mi dání. Mo pe ọsibítù títí. Wọ́n ní láìsí orúkọ, kò sí ohun tí àwọn lè sọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn kan wá kó ẹrù rẹ̀ síta. Wọ́n ní ó ti kú, kò sẹ́ni tó wá wò ó.

Ìyá mi ló kọ́ mi pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í pe àgbà lórúkọ. Ara ìwé tí Dádì ń kọ, tí wọ́n kó síta tí òjò ń pa, ni mo ti kọ́kọ́ ka orúkọ rẹ̀.