Ìyá Aláwọ̀ àti Garawa Kẹrìnlá

Ojú ni wọ́n fi gba Ìyá Aláwọ̀ síṣẹ́, kì í ṣe ọwọ́. Nígbà tó wà lọ́mọge, ilé-iṣẹ́ ọ̀dà kan ń wá ẹni tó lè wo ògiri tó ti ṣá, kó sì po ọ̀dà tí yóò bá a mu débi pé onílé gan-an ò ní mọ ibi tí wọ́n ti tún un kùn. Wọ́n to páálí mẹ́wàá síwájú òun àti àwọn ọkùnrin mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ funfun. Àwọn ọkùnrin ní funfun ni funfun ń jẹ́. Òun ní ọ̀kan ní búlúù díẹ̀ nínú, ọ̀kan ti fẹ́ pọ́n, ọ̀kan sì dà bí eyín ẹni tó ń mu sìgá. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí, ó ní kó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi po àwọ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti pàdé ọkọ rẹ̀, akunlé tó máa ń wá gbé ọ̀dà, ibẹ̀ náà ni orúkọ tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ti mọ́ ọn lára.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé, kò mọ nǹkan mìíràn tó lè fi ojú náà ṣe. Ó jókòó sílé fún oṣù mélòó kan, ó ń bá àwọ̀ kọ́tìnì jà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní àwọn da garawa ọ̀dà mẹ́rin sí gọ́tà, torí onílé ò fẹ́ rí i nínú ọgbà rẹ̀ mọ́.

"Ẹ da kí ni?"

"Ọ̀dà tó ṣẹ́kù."

"Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́. Ó kàn ṣẹ́kù ni."

Ìyá Aláwọ̀ dìde bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé wọ́n gbé ọmọ jù sódò. Ó ní kí ọkọ òun mú òun lọ wo gọ́tà náà. Omi ibẹ̀ ti di bí wàrà, koríko etí rẹ̀ sì ti gbẹ. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń lọ láti ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé kan dé òmíràn, ó ń tọrọ ìsàlẹ̀ garawa.

Yàrá ẹ̀yìn ilé wọn, tí ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ti ń sùn kó tó lọ sílé ọkọ, ló sọ di ibi iṣẹ́. Á ya ọ̀dà tí wọ́n fi omi pò sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n fi òróró pò. Á ki imú bọ garawa kọ̀ọ̀kan; èyí tó bá ń rùn bí ẹyin tó ti kú, kò ní bá a ṣeré. Ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló fi ń sẹ́ ẹ, dírìlì ògbólógbòó ọkọ rẹ̀ ló sì fi ń rò ó. Bó bá pò ó tán, á kun ún sára páálí, á jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méje, á wá fi aṣọ tútù nù ún nígbà igba. Bí ọ̀dà bá ṣí, á tún un pò. Bí kò bá ṣí, á kọ káàdì sí i: ibi tó ti wá, ọjọ́ tí òun pò ó, ohun tí òun fi kún un.

Ọ̀dà náà dára. Ìyẹn gan-an ló ń dùn ún, pé ó dára, tí kò sì tà. Àwọn akunlé ẹgbẹ́ ọkọ rẹ̀ á fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ ọ wò, wọ́n á ní, "Ìyá, ó bo ògiri ju tuntun lọ o. Ṣùgbọ́n oníbàárà mi fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i kí n ṣí ìdérí." Obìnrin kan tó ń kọ́lé sọ ọ́ sí i lójú pé, "Èmi kọ́ ni màá fi àjẹkù ọ̀dà ẹlòmíràn kun pálọ̀ mi." Láti ìgbà náà ni àwọn aláwàdà àdúgbò ti ń pe ọjà rẹ̀ ní ọ̀dà àjẹkù. Ọkọ rẹ̀ á ní, "Òyìnbó ń lò ó báyìí," bẹ́ẹ̀ kò mọ òyìnbó kankan.

Ọ̀gá ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ló kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ògiri ilé-ìwé náà ti hu èbu, kò sì sí ẹni tó fẹ́ bá wọn tún un ṣe. Ìyá Aláwọ̀ kun yàrá méjì. Òjò kan kọjá, òjò kejì kọjá, ọ̀dà ò bó. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kó kun ìyókù. Bí inú rẹ̀ ti ń dùn, ó ṣà nínú àwọ̀ rẹ̀: ó fi funfun sókè, ó wá fi yẹ́lò kan tó ń tàn bí oòrùn àárọ̀ kun ìsàlẹ̀ ògiri, ẹnu ọ̀nà àti ojú fèrèsé, níbi tí ojú ọmọdé ń tó. Ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ta, wà lára àwọn tó ń jókòó nínú yàrá àkọ́kọ́.

Ìròyìn ilé-ìwé náà dé etí àwọn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé-ìwé. Wọ́n ní àwọn á lo ọ̀dà rẹ̀ ní ogún ilé-ìwé, bó bá lè mú ìwé wá pé ó yege. Ìyá Aláwọ̀ wọ aṣọ tó dára jù, ó gbọ̀nà ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń yẹ ọjà wò. Ọkùnrin kan ló bá níbẹ̀, gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, ìdí nìyẹn tó fi ń pè é ní Onígíláàsì. Èèyàn rere ni. Ó ka gbogbo káàdì tí Ìyá Aláwọ̀ kó wá tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyá, mi ò ní purọ́ fún yín. Ìwé òfin tó wà níbí, ti ọ̀dà tuntun ni. Wọ́n á bi yín pé níbo lẹ ti ra èròjà kọ̀ọ̀kan. Kí lẹ fẹ́ sọ?"

"Màá sọ òótọ́. Ọwọ́ oníkálukú ni."

"Òótọ́ ò ní àyè nínú fọ́ọ̀mù yẹn."

Ó lé ní ọdún kan tó fi ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wá mọ̀ ọ́n débi pé ó máa ń béèrè àlàáfíà ọkọ rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ọ́fíìsì gbà láti kọ òfin tuntun fún ọ̀dà àtúnṣe, wọ́n sì ní kó wá bá àwọn jókòó. Òun nìkan ni obìnrin láàárín wọn, òun nìkan ni kò ní káàdì orúkọ láyà. Àwọn kan fẹ́ kí òfin náà rọ̀, kí wọ́n máa yẹ ẹyọ garawa kan wò lọ́dún. Ìyá Aláwọ̀ ló kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọ̀dà àṣẹ́kù ò dà bí tuntun, ti òní lè dára kí ti ọ̀la má dára, gbogbo àpòpọ̀ ló yẹ kí wọ́n gbé lọ síwájú ẹ̀rọ àyẹ̀wò, kí ẹnikẹ́ni má baà pè é ní àjẹkù mọ́. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Wọ́n wá ní kó kó ọjà wá fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Ó kó garawa mẹ́rìnlá lọ.

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, Onígíláàsì ti ilẹ̀kùn kó tó sọ̀rọ̀. Mẹ́tàlá yege. Ìkẹrìnlá, yẹ́lò, ní òjé nínú. Òjé ni wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà láyé àtijọ́ kí àwọ̀ lè mú ojú. Bí ọmọdé bá gbé eruku rẹ̀ mì, á wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á sì máa jẹ ọpọlọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá Aláwọ̀ mú káàdì garawa náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ilé ìkẹ́rù kan tí wọ́n ti tì pa fún ọ̀pọ̀ ọdún ló ti rí yẹ́lò náà. Kò rùn, kò dì, kò ṣí lára páálí. Ojú tó mọ funfun mẹ́wàá yàtọ̀ síra ò rí òjé.

"Ẹ yọ ìkẹrìnlá kúrò," Onígíláàsì sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Màá kọ ọ́ pé mẹ́tàlá lẹ kó wá. Ìwé yín á jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Mo ti fi kun ilé-ìwé."

Ọkùnrin náà bọ́ gíláàsì rẹ̀. "Ìyá, mi ò gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn."

Nígbà tó délé tó rò fún ọkọ rẹ̀, bàbá náà jókòó sórí garawa tó dojú dé. Ó ní kó jẹ́ kí àwọn lọ fi ọ̀dà mìíràn bo yẹ́lò náà nígbà ìsinmi, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

"Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké," ó wí. "Ìyá ọmọ mi, ta ló máa ra èyí tó o fẹ́ gbé lọ yìí?"

"Bí a bá bò ó mọ́lẹ̀, ṣé ó bo èyí tó ti wọnú wọn?"

 Ìyá Aláwọ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ìwé náà. Àwọn ọmọdé ń ṣeré níta. Ó bá ọ̀gá ilé-ìwé nínú yàrá àkọ́kọ́, ó sì rí i bí wọ́n ti fi èékánná ha ojú fèrèsé yẹ́lò náà títí ó fi funfun. Ó sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Ọ̀gá ilé-ìwé ò pariwo. Ó kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde kí n lè ronú."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ. Ti mọ́kànlá ò dára. Èyí tó burú jù ni ti ọmọ ọmọ rẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni àyè rẹ̀, eyín sì ló fi máa ń gé ọ̀dà ibẹ̀ jẹ. Dókítà ní àwọn á fún un lóògùn, ṣùgbọ́n ohun tí òjé bá ti jẹ lọ, oògùn ò lè dá a padà. Ọmọbìnrin Ìyá Aláwọ̀ wá sílé lọ́jọ́ kejì, kò jókòó.

"Màámi, mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀. Ẹ̀yin náà lẹ sì sọ ọ́, kò sí ẹni tó mú yín. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè wo ojú yín báyìí."

Ìyá Aláwọ̀ bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fọwọ́ ara òun ha yẹ́lò náà kúrò. Wọ́n ní kó má tẹ ọgbà náà mọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ ra ọ̀dà tuntun tí ìdérí rẹ̀ dì pinpin.

Òfin náà jáde ṣá. Gbogbo àpòpọ̀ gbọ́dọ̀ kọjá níwájú ẹ̀rọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló sì wà, ó jìnnà, owó ọ̀dà díẹ̀ ò sì tó owó ọkọ̀ débẹ̀. Kò sí ẹnì kankan tó forúkọ sílẹ̀. Àwọn akunlé tí wọ́n ti gbọ́ pé ó ṣe é sẹ́, tó sì ṣe é rò, ń po àṣẹ́kù sínú garawa olórúkọ ńlá, wọ́n ń tẹ ìdérí rẹ̀ pa, ó sì ń tà. Wọn kì í yẹ nǹkan kan wò. Ìyá Aláwọ̀ lọ fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì. Wọ́n ti gbé Onígíláàsì lọ sí ẹ̀ka mìíràn, ẹni tó wà nípò rẹ̀ sì bi í pé, "Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ fi òjé kun jẹ́lé-ó-sinmi?"

Ọmọ wọn ti kó lọ sí ìlú mìíràn pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Lọ́jọọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó máa ń pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Ìyá Aláwọ̀ á jókòó sórí àga kejì, á máa gbọ́ ohùn ọmọ kékeré náà láti etí ọkọ rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún márùn-ún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò sì tíì ju méjì mẹ́ta lọ. Bí bàbá bá gbé fóònù sílẹ̀, á yíjú sí i, á ní, "Wọ́n ní kí n kí ọ." Ìyàwó rẹ̀ á dáhùn pé òun gbọ́. Ó mọ̀ pé wọn ò kí òun.