Bọ́ílà Tí Mo Fi Bàtà Wọ̀n

Mo rántí àwọn bàtà yẹn dáadáa. Bàtà ènìyàn mọ́kànlá ni, wọ́n tò láti ibi ìnusẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, nínú ilé kékeré kan ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ tí wọ́n pa dé. Ọdún yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ gáàsì. Mo ti tẹ̀lé ọ̀gá mi káàkiri Woolwich fún ọdún mẹ́ta, mò ń gbé páìpù, mò ń tú rédíétọ̀, irin ara ògiri tí omi gbígbóná ń gba inú rẹ̀ kọjá, ilé yìí sì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo máa dá ṣe. Ẹni tó ń bá mi gẹrun ló júwe mi fún Mummy tó ni ilé náà. Bọ́ílà wọn àtijọ́, ẹ̀rọ gáàsì tó ń gbé omi kaná tó sì ń mú ilé móoru, ti kú, òtútù sì ti ń bọ̀.

Ọ̀gá mi ti kọ́ mi títí etí mi fi kún. Kí o tó mú bọ́ílà, wọn yàrá, wo fèrèsé, ka rédíétọ̀, kí o sì béèrè iye ẹni tó ń wẹ̀, nítorí bọ́ílà tí kò ní táńkì, ojú ẹsẹ̀ ló ń gbé omi kaná. "Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́," wọ́n á ní. Mo mọ̀ ọ́n lórí. Ṣùgbọ́n nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Báwo ni màá ṣe dúró níwájú ẹni tó ju ìyá mi lọ, kí n ní, "Ẹ̀yin mélòó lẹ wà nínú ilé yìí?" Yàtọ̀ síyẹn, ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó bá ń béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ojú òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n fi ń wò ó. Ni mo bá gbọ́n lójú ara mi: mo ka bàtà. Mi ò wọ pálọ̀ kí n má baà dí àlejò tàbí ọmọ ilé lọ́wọ́, mi ò sì wọn yàrá kankan.

"Mummy, bọ́ílà ńlá lẹ nílò o."

"Ẹnjiníà, ṣé kò ní tóbi jù? Ilé tèmi ò kúkú fẹ̀."

"Ẹ má worry, Mummy. Kó tóbi sàn ju kó kéré lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo mọ iṣẹ́ ẹ, ọmọ mi."

Bọ́ílà alágbára kílówáàtì mẹ́rìnlélógún ì bá tó ilé yẹn, kó tún ṣẹ́kù. Ogójì ni mo gbé wọlé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà, bàtà ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní àwọn yòókù ti lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó ti pinnu ohun tó fẹ́ rí, nǹkan mìíràn kì í wọ̀ ọ́ lójú.

Nínú oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀lé e, mo gba àdúgbò yẹn kọjá, mo ní kí n yà kí wọn. Mummy ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, gèlè òwú lórí, ìbọ̀sẹ̀ méjì méjì lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Mummy, ẹ ń jáde ni?"

"Rárá o. Wọlé, òtútù ń wọlé."

Òtútù ti wọlé tipẹ́. Mo fọwọ́ kan rédíétọ̀, ó tutù bí òkúta. Wọ́n ti pa bọ́ílà láti ara ògiri. Mo tan án: ó bú, ó jó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó kú, ó sinmi, ó tún bú. Iná rẹ̀ pọ̀ ju omi inú páìpù kékeré wọ̀nyẹn lọ, kí ilé tó móoru ó ti pa ara rẹ̀, ó sì ń jẹ gáàsì nídìí ìbú-kú yẹn. Káàdì tí Mummy ń lọ fi owó kún ní ṣọ́ọ̀bù kí gáàsì tó wọlé, owó inú rẹ̀ kò dúró. Wọ́n wá ń tan án ní ọjọ́ Àìkú nìkan, nígbà tí ẹgbẹ́ àdúrà wọn bá wá jẹun lẹ́yìn ìsìn. Àwọn ló ni mẹ́wàá nínú bàtà mọ́kànlá yẹn, ti Mummy ló ṣẹ́kù. Ọkọ wọn ti kú, ọmọ wọn kan ṣoṣo wà ní Kánádà.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pè mí?"

"O sọ fún mi pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ẹ ni. Ṣé ẹnu tèmi ni wọ́n á ti gbọ́ pé o bà á jẹ́? Gbogbo ẹni tó bi mí, mo ní o ṣe é dáadáa."

Mo lọ bá ọ̀gá mi ní Woolwich, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀.

"Bàtà? Ṣé bàtà ló ń wẹ̀ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ojú wọn le. "Lọ tún un ṣe. Má padà wá síbí kí ìyá yẹn tó móoru."

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti dín agbára bọ́ílà náà kù. Ìwọ̀nba tó kéré jù tó lè lọ ṣì ju ohun tí ilé náà ń fẹ́. Mo wá pinnu. Owó tí mo ti ń tù jọ láti fi ra ọkọ̀ akẹ́rù àlòkù, mo ní màá fi ra bọ́ílà kékeré. Ṣùgbọ́n kí n tó rà á, mo mú okùn ìwọ̀n, mo wọn pálọ̀, mo wọn yàrá, mo wọn fèrèsé. Lẹ́yìn náà mo dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èèyàn mélòó ló ń wẹ̀ nínú ilé yìí láàárọ̀?"

"Èmi nìkan ni! Ìbéèrè tó ń dẹ́rù bà ẹ́ nìyí? Àbí o rò pé màá gé ẹ jẹ ni?"

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, bọ́ílà tuntun ń kùn jẹ́jẹ́, kò bú, kò kú. A jókòó ní pálọ̀, Mummy ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ wọn, láàárín ọ̀rọ̀ wọ́n bọ́ kóòtù, wọ́n fi kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn bọ́ ọ. Èmi mọ̀.

Ọdún kan gbáko ni mo fi gbé irinṣẹ́ mi wọ bọ́ọ̀sì lẹ́yìn ìyẹn, kò sì dùn mí. Lónìí, ìbéèrè yẹn ló ń ṣíwájú ní gbogbo ilé tí mo bá wọ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó dijú mọ́ mi. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ohun tí mi ò tíì gbé kúrò lọ́kàn ni ìyìn tí Mummy ń yìn mí nínú òtútù. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní iṣẹ́ mi dára, mo máa ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n mi ò kà á sí títí oṣù kìíní á fi dé, tí n ó padà lọ kí onítọ̀hún nílé, tí n ó fọwọ́ kan rédíétọ̀, tí n ó sì wò ó bóyá kóòtù rẹ̀ wà lára ìṣó, kì í ṣe lọ́rùn rẹ̀.