Ẹ̀rọ Ìpọ́nbẹ Màmá Diméjì

Ìfura loògùn àgbà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Màmá Diméjì tó múlé tì mí ní Orozo ń lo oògùn náà ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ènìyàn bá kí i káàárọ̀, yóò kọ́kọ́ wo ojú onítọ̀hún dáadáa kó tó dáhùn. N kò dá a lẹ́bi tán. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló ṣe ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, gbogbo ohun tí àwọn ọ̀gá ń kọ nípa ara wọn lẹ́yìn ló sì gba abẹ́ ìka rẹ̀ kọjá. Abímbọ́lá ni wọ́n sọ ọ́ ní Kàbà, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ rẹ̀ la fi ń pè é níbí, bí òun náà ṣe ń pè mí ní Màmá Táyọ̀. Ẹgbẹ́ ni wá, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà là ń lọ, ògiri kan ló sì pààlà ilé wa.

Òun àti ọkọ rẹ̀ ló fi owó oṣù kọ́ ilé rẹ̀ yẹn díẹ̀díẹ̀, nígbà tí Orozo ṣì jẹ́ igbó, tí ènìyàn ń gun ọ̀kadà wọlé bí ẹni ń lọ sóko. Bàbá Diméjì kú kí wọ́n tó kùn ún lọ́dà. Obìnrin náà kùn ún fúnra rẹ̀. Ó gbin ewúro àti ìbẹ́pẹ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní ibẹ̀ ni òun yóò ti kú, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré.

Nígbà òjò ọdún 2016, ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè di nǹkan mú mọ́. Èmi ni mo gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ní rọpárọsẹ̀ ló fẹ́ yọjú, pé Ọlọ́run ló kó o yọ, kó máa lo oògùn, kó sì máa fi ọwọ́ náà ṣe eré ìdárayá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní nǹkan kan, ẹnu rẹ̀ kò wọ́, ọwọ́ yẹn nìkan ni. Nígbà tí a ń bọ̀ nínú takisí, ó yíjú sí mi, ó ní, "Bí Diméjì bá gbọ́, ìwọ lo sọ fún un."

Diméjì nìkan lọ́mọ tó bí. Báńkì ló ti ń ṣiṣẹ́, inú fúláàtì kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Wuse ni òun àti Priscilla ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ọmọ dáadáa ni, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà. Ojú mi ló ṣe sọ ọ́ pé, "Màámi, ọjọ́ tí mo bá rí i pé ẹ ò lè dá nǹkan ṣe mọ́, ẹ máa pack nìyẹn. Ẹ̀ ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, a máa fi ilé yìí rẹ́ǹtì." Màmá ti lọ lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn rí. Ó ní ńṣe ni òun jókòó sí pálọ̀ wọn bí ẹrù tó ń dúró de ọkọ̀.

Nítorí náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ náà pamọ́. Alápatà ló ń bá a gé ẹran wẹ́wẹ́. Ó ṣíwọ́ iṣu jíjẹ, ó ní gàárì ló ń wu òun. Bí ọmọ rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, á ní òun ń gúnyán lọ́wọ́. Ọ̀bẹ nìkan ni kò gba irọ́. Ọ̀bẹ ilé ìdáná rẹ̀ ti kú, ọ̀bẹ tó bá kú sì ń fẹ́ agbára, agbára kò sì sí. Etí àtẹ̀gùn onísìmẹ́ǹtì tó ti máa ń pọ́n ọn tẹ́lẹ̀, ọwọ́ kò ràn án mọ́. Bàbá Haúsá kan máa ń kiri àdúgbò pẹ̀lú òkúta ìpọ́nbẹ, ṣùgbọ́n Màmá ní ó ń wo inú ọgbà òun jù.

Priscilla yìí ńkọ́? Ọmọ Ìdọmà láti Òtúkpó ni. Ó gbọ́ Yorùbá, ó sì ń sọ ọ́ bó ṣe bọ́ sí i lẹ́nu. N kò fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní purọ́. Ìkúnlẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀, fóònù kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan lóṣù kọkànlá, òun nìkan dé láìsọ tẹ́lẹ̀, ó bá Màmá ní ilé ìdáná níbi tó ti ń jìjàkadì pẹ̀lú ilá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ní, "Màámi, ọ̀bẹ yín ti kú pátápátá. Ẹ jẹ́ ká lọ Wuse, ká ra machine tó máa ń pọ́n ọ̀bẹ."

Màmá ní kó jókòó, kó mu omi. Òun gba ẹ̀yìnkùlé jáde wá bá mi.

"Ó rí mi," ló wí.

"Kí ló rí?"

"Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ̀rọ̀. Ẹni tó rí nǹkan tí kò sọ ọ́ níbẹ̀, ibòmíràn ló fẹ́ ti sọ ọ́."

Mo ní bó bá kọ̀ láti lọ, ìyẹn náà á fu ọmọ náà lára. Kó lọ, n ó bá a lọ. Mo wé gèlè mi. Òun wé ọ̀bẹ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, ó tì í sínú báàgì, ó ní òun kò ní ra ẹ̀rọ tí òun kò bá fi ọ̀bẹ ara òun dán wò.

A dé ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà ńlá kan ní Wuse. Ẹ rántí pé àsìkò tí bọ́ǹbù ń ba gbogbo Abuja lẹ́rù kò tíì jìnnà nígbà náà, kò sí ẹnu ọ̀nà tí wọn kì í ti í yẹ ẹrù wò. Ẹ̀ṣọ́ na irin tó fi ń yẹ ẹrù wò sí báàgì Màmá, irin náà han gooro. Ó tú ìwé ìròyìn.

"Mama, wetin be this?"

"Na knife. I wan sharpen am," ni Màmá dáhùn, ó ń wo ẹ̀ṣọ́ náà bí ẹni pé ọkùnrin náà gan-an lẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò.

"Kai. Drop am here. When you dey go, you go collect."

Priscilla ti rìn síwájú díẹ̀. Màmá fẹnu sí mi létí, ó ní, "Ó mọ̀ pé wọ́n máa gbà á. Kò sọ̀rọ̀ nígbà tí mò ń wé e."

Festus lorúkọ ẹni tó ń ta nǹkan ilé ìdáná lókè níbẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ mẹ́ta síwájú wa: èyí tí ènìyàn ń fi ọwọ́ fà, èyí tó ń lo bátìrì, àti ńlá kan tó ń lo iná, tó ní ihò tóóró méjì lórí, ọ̀kan fún ọ̀bẹ tó ti kú, ìkejì láti fi dán ẹnu rẹ̀. Festus mú ọ̀bẹ tirẹ̀, ó fà á nínú ihò, ó fi gé bébà, bébà là.

"That knife don sharp before," ni Màmá wí. Ó ní kí Festus lọ fi ẹnu ọ̀bẹ náà ha sìmẹ́ǹtì níta lójú òun. Festus rò pé eré ni, ó rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a rín in. Ó ha á títí Màmá fi fi bébà dán an wò tí bébà kàn ká kọ́rọ́, ìgbà yẹn ló tó gbà kó tì í sínú ẹ̀rọ. Bébà tún là. Síbẹ̀ ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ó yí ẹ̀rọ padà, ó wò ó bóyá orúkọ ara páálí náà ló wà nídìí rẹ̀, ó gbóòórùn wáyà, ó bèèrè bóyá kò ní jẹ ọ̀bẹ tán.

"Mummy, if you no press am, e no go chop knife," ni Festus wí. Ó ti ń làágùn.

Fóònù ni Priscilla ń wò láti ìgbà tí a ti wọlé. Ó gbójú sókè lórí fóònù, ó bèèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Person fit use am with one hand?"

Festus ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ńlá yẹn ní ẹsẹ̀ rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ tábìlì, kò sí pé à ń fi ọwọ́ kejì dì í mú.

"Then na that one," ni Priscilla wí, ó sì sanwó. Màmá gba ọ̀bẹ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ bí a ṣe ń jáde.

Lójú tèmi, kí fóònù má baà kúrò lọ́wọ́ kejì rẹ̀ ló jẹ́ kó bèèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé wa padà sílé tó sì lọ tán, Màmá kò tilẹ̀ bọ́ bàtà kó tó sọ̀rọ̀. "O gbọ́? Ó ní ọwọ́ kan. Ta ló sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ fún un?"

Ẹ̀rọ náà kò kúrò nínú páálí fún ọjọ́ pípẹ́. Màmá ní kó jókòó ná. Páńsá ò fura, páńsá já síná, bó ṣe ń wí nìyẹn nígbàkigbà tí mo bá bèèrè. Nígbà tó wá yọ ọ́, ọ̀bẹ tó fi ń ha ìdí ìkòkò ló fi bẹ̀rẹ̀, pé bí èyí bá bàjẹ́ kò ní dun òun. Ó tẹ ọ̀bẹ mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ ké, irin ń rùn, ó yára fa okùn iná yọ.

"Mo sọ fún ọ," ló wí.

Mo rán an létí ohun tí Festus sọ. Ó tún un ṣe láìtẹ̀ ẹ́: ó jẹ́ kí ọ̀bẹ gbé ara lé ihò fúnra rẹ̀, ó sì fà á wọ́ọ́rọ́wọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ láti ìdí èèkù dé ṣóńṣó, ihò àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìkejì. Ó fi àkísà nu eruku irin kúrò, ó gbé ẹnu ọ̀bẹ lé orí tòmátì. Ọ̀bẹ kọjá lọ nínú rẹ̀. Ó wo tòmátì, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, mo rí i, ṣùgbọ́n ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Kí ló fẹ́ fi èyí gbà lọ́wọ́ mi?"

Láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ náà kọ́ṣẹ́ tuntun, alùbọ́sà, ẹ̀fọ́, ilá. A tún ra iṣu. Nígbà tí Kérésì ku díẹ̀, Diméjì pè, ó ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì ọdún, pé ọ̀rọ̀ kan wà tí òun fẹ́ bá Màámi sọ. Màmá gbé fóònù kalẹ̀.

"Obìnrin yẹn ti tà mí," ló wí.

Mo gbà á gbọ́. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè jẹun.

Wọ́n dé nínú ọyẹ́, a jókòó sí fàráńdà. Diméjì gbé iṣu ńlá kan àti odidi adìyẹ kan tí wọ́n ti tu ìyẹ́ rẹ̀ kalẹ̀. Mo ní kí ló dé tí wọn kò jẹ́ kí aládìyẹ bá wọn gé e. Ó ní, "Priscilla ló ní ká gbé e bẹ́ẹ̀." Màmá wò mí, mo wo Màmá.

Ta ni kò mọ̀ nílé Yorùbá pé ìyàwó kì í jókòó kí ìyá ọkọ rẹ̀ máa gé ẹran? Bí ìyá bá ti na ọwọ́ sí ọ̀bẹ báyìí, ìyàwó á ti dìde, á ní, ẹ fi sílẹ̀ Mà, ẹ jẹ́ n ṣe é. Bí kò tilẹ̀ ti ọkàn rẹ̀ wá, á wí i. Màmá gbé àtẹ sórí tábìlì, ó mú ọ̀bẹ. Priscilla kò mira.

"Priscilla, ṣé o ò rí Màámi ni?" ni Diméjì wí.

"Mo rí wọn." Kò gbójú kúrò lórí fóònù.

"Gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ wọn now."

"Why? Wọ́n máa ń ṣe é fúnra wọn. Kitchen wọn ni."

Mo dìde láti gba ọ̀bẹ náà, Màmá mi orí sí mi. Ó gé ẹsẹ̀ adìyẹ ní oríkèé, ó gé apá. Ọ̀bẹ ń wọlé jẹ́ẹ́, kò bèèrè agbára. Àfìgbà tó kan àyà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Adìyẹ yọ̀, ọ̀bẹ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, Diméjì sì ti ń yí ọrùn padà síbẹ̀. Àfi bí Priscilla ṣe ti fóònù sí i lójú: "Wo video tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. See this baby, see as e dey dance." Diméjì tẹ orí ba, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa gbé orí sókè, gbogbo adìyẹ ti wà nínú abọ́, Màmá sì ti ń bẹ iṣu. Mo wí nínú ara mi pé: Ìyá ọkọ ń jìyà, ìwọ ń wo ọmọ tó ń jó.

A jẹun tán kí Diméjì tó sọ ohun tó gbé wá.

"Màámi, mo ti rí ẹnì kan tó fẹ́ rẹ́ǹtì ilé yìí láti January. Ọkàn mi ò balẹ̀ nípa yín, ohùn yín lórí phone ò dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ní kí n fojú ara mi wò yín ná." Ó wo abọ́. "Ẹni tó ṣì ń dá odidi adìyẹ gé, kí ni mo fẹ́ sọ? Màá ní kó wá ibòmíràn."

"Mo ti wí fún ọ tẹ́lẹ̀," ni Màmá dáhùn. Ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá, ṣùgbọ́n omi ti yọ lójú rẹ̀, ó ní ọyẹ́ ni.

Priscilla kó àwo lọ sí ilé ìdáná. Mo tẹ̀ lé e, mo ti ilẹ̀kùn.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni? Ìyá ọkọ ẹ ń gé ẹran, o jókòó?"

Ó pa omi ẹ̀rọ tó fi ń fọ àwo. Ó wo ilẹ̀kùn kó tó dáhùn.

"Mummy Táyọ̀, mo ti mọ̀ tipẹ́. Nígbà Harvest ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, Màámi fi ọwọ́ òsì gba bag lọ́wọ́ mi. Màámi tí mo mọ̀, wọn ò lè fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn láé."

"Kí ló wá dé tí o ò fi gba ọ̀bẹ?"

"Bí mo bá gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ wọn, Diméjì á rí bí ara ṣe máa tù wọ́n. Ilé ti lọ nìyẹn." Ó tún ṣí omi. "Abeg, ẹ má sọ fún wọn pé mo mọ̀. Wọn ò ní lè wo ojú mi mọ́."

Mo mú aṣọ ìnuwọ́, mo bá a nu àwo.

Nígbà tí mọ́tò wọn jáde, Màmá ti géètì, ó fi ẹ̀yìn tì í.

"O rí bó ṣe jókòó?" ló wí. "Ó fẹ́ kí n ṣubú lójú ọmọ mi. Ọlọ́run ni kò jẹ́. N kò ní gbàgbé títí n ó fi kú. O rí i, àbí o ò rí i?"

Mo ní mo rí i.