Àjẹkù Bàbá Kàmíl Nínú Ẹ̀rọ Afọbọ́

Ìgbà ìkẹyìn tí mo gbọ́ ohùn ọkọ mi, orí fóònù ni, ariwo àwọn tó ń pe èrò sínú ọkọ̀ gbaka sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ohùn náà mọ́lẹ̀. Ọjà Adjamé ní Abidjan ló wà. Ó ní, “Ìyá Kàmíl, mo ti rí i! Pọ́ọ̀ǹpù ẹ̀rọ wa ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Má fọwọ́ kan abọ́ kankan o, mo ń bọ̀.”

Mo ní, “Ẹ máa bọ̀ kẹ́ ẹ wá jẹun jàre. Ẹni tí kò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ ló fẹ́ tún ẹ̀rọ òyìnbó ṣe.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “O máa rí i.” Ó sì pa fóònù.

Kò dé ilé. Níbi tó ti ń dúró de gbaka tó ń bọ̀ ní Songon tí ilé wa wà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹni tó ń ta kọfí, ó fi orí ti ògiri, kò sì dìde mọ́. Wọ́n ní ọkàn ni.

Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń sọ pé èèyàn dáadáa ni Alhaji Àrìmíyàù. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n wọn kò bá a gbé inú ilé ìdáná. Èmi ni mo bá a gbé ibẹ̀, èmi ni kí n sọ bó ṣe rí.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Abọ́ ló ń tà ní Adjamé: tánńganran, onírin, oníke, èyí tí wọ́n ń kó fún ìyàwó àti èyí tí wọ́n fi ń bu omi fún adìẹ. Ó lè fi èékánná ta etí àwo kó sì sọ ibi tó ti sán fún ọ láìwò ó. Ó ta abọ́ títí ó fi lọ Mẹ́kà tó sì dé, kò fọ ẹyọ kan rí láyé rẹ̀. Tó bá jẹun tán, á rọra ti abọ́ síwájú, bí ẹni pé abọ́ mọ ọ̀nà odò.

Èmi ni odò náà. Mo fọ̀ fún un, mo fọ̀ fún àwọn ọmọ, mo fọ̀ fún àwọn ará ilé tó ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé tí wọn kò tíì rí yàrá gbà, títí làkúrègbé fi wọ ọwọ́ mi, tí oríkèé ìka mi ta kókó bí ata ilẹ̀. Lọ́jọ́ kan àwo ọbẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́ yángá. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń sunkún. Ọwọ́ ni mo ń sunkún, kì í ṣe àwo. Ó wọlé, ó wo àfọ́kù, ó wo ìka mi. Ó ní, “Ó tán. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè, o ò ní fọ abọ́ mọ́ nínú ilé mi. Mo búra.”

O lè rò pé yóò ká apá aṣọ sókè kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Á à, ọkùnrin! Ó lọ ra ẹ̀rọ afọbọ́ ni.

“France au revoir” ni wọ́n ń pe irú ọjà bẹ́ẹ̀ níbí: ohun tí òyìnbó lò, lò, lò, tó sú u, tó wá kó o sínú ọkọ̀ ojú omi kó lè rí ibi dà á sí. Àwa ni ibi náà. Wọ́n gbé e wá sí ilé tí Kàmíl ọmọ wa kọ́ fún wa ní Songon. Ó funfun, ó tóbi bí àgọ́ adìẹ, ó sì ń rùn bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sínú omi.

Wọ́n sọ fún Bàbá Kàmíl pé ẹ̀rọ náà ní ọṣẹ tirẹ̀, tó dà bíi kóró oògùn. Ó ní ọṣẹ ni gbogbo ọṣẹ. Ó da ọṣẹ olómi tí mo fi ń fọ abọ́ sínú rẹ̀, ó dà á gan-an, bí ẹni ń da epo sọ́bẹ̀ àlejò. Kò pẹ́ tí ìhó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀rọ. Ó gba ilé ìdáná, ó gba pálọ̀, ó ń lé bàbá lọ síbi ẹní ìkírun rẹ̀.

Mo gun orí àpótí. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mẹkáníìkì. Ṣé abọ́ lẹ fẹ́ fọ̀ ni àbí àdúgbò?”

“Ìyá Kàmíl, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mú ìgbálẹ̀ wá.”

“Ọwọ́ mi ń sinmi. Ẹ̀yin lẹ ní kó sinmi.”

Nígbà tó wá ra ọṣẹ tó yẹ, wàhálà mìíràn dé. Abọ́ ń jáde pẹ̀lú ìdọ̀tí lára. Omi ń dúró sí ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ bí ọ̀gọ̀dọ̀. Bàbá Kàmíl á gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní bísímílà, á tún tan án. Kàmíl ní kí òun ra tuntun. Bàbá rẹ̀ ní, “Ṣé ìwọ lo búra fún ìyá rẹ ni?” Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fi ẹ̀rọ fọ abọ́, tí mo sì ń yọ́ tún un fọ̀ tó bá lọ kírun. Ẹ̀rọ tó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ló sọ iṣẹ́ mi di méjì.

Níkẹyìn ó pe Adéṣọpẹ́, ọmọ ìlú wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní àdúgbò Marcory. Ẹnu rẹ̀ ju àpò irin iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ń yan wọlé, ó ní òun ti tún èyí tó burú jù ú lọ ṣe, ó ní mọ́tọ̀ ló bàjẹ́. Ó tú mọ́tọ̀. Kò sí ohun tó ṣe é. Ó ní wáyà ni. Wáyà pé. Ìgbà tí irọ́ tán lẹ́nu rẹ̀ ló tó yọ asẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá wo nǹkan! Àtíẹ̀kẹ́, wóró ẹ̀gẹ́ tí gbogbo Abidjan ń jẹ, ti di òkèlè nínú asẹ́. Orí ẹja wà níbẹ̀. Ẹran wà níbẹ̀. Àtíẹ̀kẹ́ tún ti dí gbogbo ihò ara apá tó ń yí tó ń fọ́n omi.

Adéṣọpẹ́ di imú mú. “Bàbá, ta ló ń bọ́ ẹ̀rọ yìí?”

Bàbá Kàmíl bojú wo asẹ́ náà. Ó ní, “Àjẹkù mi ni.”

Gbogbo wa la mọ̀ pé àgbà kì í jẹ oúnjẹ abọ́ rẹ̀ tán. Ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ẹran àti òkèlè kù fún ọmọ tó máa gbé abọ́ kúrò níwájú rẹ̀. Ọmọ kò sì sí nílé wa mọ́. Ó wá rò ó lọ, ó rò ó bọ̀: ẹni tó bá gbé abọ́ ló ni àjẹkù, ẹ̀rọ ló sì ń gbé abọ́. Ó ń ti abọ́ sínú rẹ̀ tòun tẹran!

“Ẹ̀rọ ò ní ikùn o, Bàbá,” Adéṣọpẹ́ wí, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ gbọ̀n ọ́n dànù kẹ́ ẹ tó kó o sí i. Tàbí kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ tán.”

“Kí n da ìpín ọmọ sí ààtàn? Tàbí kí n jẹ ẹ́ tán? Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.”

Mo ní, “Ta ló wá ń bá yín ru igbá báyìí? Ṣé èyí tó ń bì yìí?”

Adéṣọpẹ́ fọ asẹ́, ó fi abẹ́rẹ́ gún àwọn ihò náà, ẹ̀rọ sì fọ abọ́. Ó fọ̀ ọ́ mọ́, n kò ní í purọ́. Ọkọ mi ń gbé àwo kọ̀ọ̀kan sókè sí ojú fèrèsé, ó ń fi hàn mí bíi pé òun ló mọ ọ́n.

Ní ọjọ́ Sunday, Kàmíl àti Kaoussarath ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ wá. Bàbá rí àǹfààní. Ó yan ẹran àgùntàn tó dára jù nínú abọ́ rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ kù, ó pe Fàìzà, ọmọ Kàmíl: “Ọmọ mi, wá gbé abọ́, kó o jẹ àjẹkù bàbá.”

Ọmọ náà wo abọ́, ó wo ẹnu bàbá rẹ̀ àgbà. Ó ní, “Pápí, c’est sale.” Ó ní ó dọ̀tí.

Kaoussarath kò tilẹ̀ gbójú kúrò lórí fóònù. “Ẹ má bínú, Pápá. Níléèwé wọn, oníkálukú ló ní àwo tirẹ̀.”

Iléèwé tó ń kọ́ ọmọ pé ẹnu bàbá rẹ̀ dọ̀tí, mo fẹ́ mọ ohun tó kù tí wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀. Mo sì wí i sí Kaoussarath létí. Ọkọ mi dìde, ó gbé abọ́ fúnra rẹ̀, ó tì í sínú ẹ̀rọ tòun tẹran, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ẹ̀rọ gbin lẹ́ẹ̀kan bí màlúù tí wọ́n dè mọ́lẹ̀, ó sì dákẹ́. Egungun ti kọjá lára asẹ́ tí wọn kò dè dáadáa, ó ti ba pọ́ọ̀ǹpù tó ń fa omi ìdọ̀tí jáde jẹ́.

Mo ní, “Ó parí. Ẹ jẹ́ kí n padà sídìí abọ́ mi.”

“Mo búra,” ló sọ. Nígbà tó di àárọ̀, ó wọ bàtà, ó gba Adjamé lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Kàmíl ní kí àwọn wá gbé pàǹtí ẹ̀rọ náà jù nù. Mo ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án yóò bá mi nínú rẹ̀. Adéṣọpẹ́ wá kí mi. Ó fi ẹ̀rọ dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀gbẹ́, ó gbé pọ́ọ̀ǹpù tí ọkọ mi rà, tí wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀ ní Adjamé, sí ojú ihò rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ọn pẹ́.

“Màmá, ó bá a mu rẹ́gí. Kí n dè é?”

Àwọn tó wá ṣe fidáù ń pè mí ní pálọ̀. Abọ́ wọn kún inú agbada. Mo ní kó fi í sílẹ̀ ná, n óò pè é.

Láti ìgbà náà, ọwọ́ ni mo fi ń fọ abọ́. N kò tíì pe Adéṣọpẹ́. Ẹ̀rọ ṣì dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò sì tíì sí ẹni tó de pọ́ọ̀ǹpù náà.